A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Onílàjà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ẹ̀yin onílàjà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti ẹ̀yin àjọ agbègbè gbogbo tí ẹ máa ń pe àwọn tó ń jagun sí ìpàdé àlàáfíà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ yín kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: kí èèyàn jókòó sáàárín àwọn méjì tí ẹ̀jẹ̀ wà láàárín wọn, kó máa bẹ eléyìí, kó máa tu tọ̀hún nínú, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti fi iṣẹ́ yín wọ́lẹ̀. Ohun kan ló ń gbé mi lọ́kàn, tí mo ń rí léraléra nínú àwọn àdéhùn àlàáfíà tí mo ti kà: ilẹ̀ ni ìjà dá lé, síbẹ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ kì í sí ńbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín in. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Orí ọ̀pọ̀ ìran onílẹ̀ ni wọ́n ti fá lẹ́yìn wọn báyìí, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí wọn lágbárí ló kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Nígbà tí mo bá ní ìran onílẹ̀, ẹ mọ àwọn tí mò ń wí. Àwọn Maya ni, àwọn Nasa, Chakma, Teduray, Papua, Sámi, àti àìmọye mìíràn: àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ wọn kí orílẹ̀-èdè tó dé bá wọn níbẹ̀, tí ẹlòmíì wá fa ààlà gba àárín ilé wọn kọjá láìbi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1923, Deskaheh, olóyè kan láàárín àwọn Cayuga, ará Grand River ní Kánádà, wọkọ̀ òkun lọ sí Geneva láti gbẹnu sọ fún àwọn Haudenosaunee, ìyẹn àjọ àwọn ìran mẹ́fà tí Cayuga wà lára wọn. Ìwé ìrìnnà tí àwọn èèyàn rẹ̀ fúnra wọn ṣe ló mú dání. Àjọ àgbáyé ìgbà náà, èyí tó ṣáájú tiyín, ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó lò ju ọdún kan lọ nílùú yẹn, ó ń kan ilẹ̀kùn, wọn ò ṣí i fún un. Ní 1924, ìjọba Kánádà tú ìgbìmọ̀ àwọn olóyè wọn ká, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi di 1925, Deskaheh ti kú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, bí mo bá sì ń ka orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn lóde òní, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó ṣì dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ibì kan, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti fojú hàn jù lọ. Àwọn Òkè Chittagong wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Bangladesh. Àwọn Chakma, Marma, Tripura, Mro àti àwọn ìran mìíràn ló ni ibẹ̀. Jum ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáko. Wọ́n á ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ òkè kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì dáná sun ún kí òjò tó dé. Wọ́n á wá fi àdá gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́, wọ́n á da irúgbìn ìrẹsì, òwú, yànmọ̀tí àti elégédé pọ̀ sínú ihò kan náà. Kálukú á hù, kálukú á sì gbó lásìkò tirẹ̀, tí wọ́n á fi máa kórè láti ìgbà òjò títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó lè sinmi, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè mìíràn. Àlejò tó bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún kẹta, igbó ló máa rí. Ṣùgbọ́n bi ará abúlé wò: á sọ ẹni tó dáko níbẹ̀ kẹ́yìn fún ọ, á sọ ẹni tí ó kàn, á sì fi odò tó jẹ́ ààlà hàn ọ́. Kò sí ìwé kankan ńbẹ̀. Baálẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní karbari, ló mọ̀ ọ́n, àwọn olórí tó wà lókè rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì ti tó fún wọn láti ìran dé ìran.

Nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Pakistan, ìjọba kọ́ dáàmù Kaptai sórí odò Karnaphuli, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1962. Omi bo nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó dára jù fún oko ní àgbègbè náà. Nǹkan bí 100,000 èèyàn ló di aláìnílé. Ọ̀pọ̀ wọn sọdá sí Íńdíà. Ààfin ọba Chakma tó wà ní Rangamati wọ inú omi lọ tòun ti ìtàn inú rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó ná: kí èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi, kó máa wà á kọjá lórí ààfin baba rẹ̀, kí wáyà iná mànàmáná tó ń ti ibẹ̀ jáde sì máa gba òkè orí rẹ̀ lọ sí ìlú ẹlòmíì.

Lẹ́yìn tí Bangladesh di òmìnira ní 1971, Manabendra Narayan Larma, tó jẹ́ aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará òkè ṣàkóso ara wọn. Wọn ò dá a lóhùn. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba kó nǹkan bí 400,000 èèyàn láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gòkè wá, wọ́n sì ń fún wọn níwèé ilẹ̀. Ilẹ̀ wo? Ẹ̀gbẹ́ òkè tó ń sinmi yẹn ni, èyí tí akọ̀wé ìjọba wò láti ọ́fíìsì rẹ̀ tó sì pè ní igbó tí kò ní onílẹ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé tálákà paraku ni àwọn tí wọ́n kó wá náà. Ìjọba tó gbé ilẹ̀ onílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ló fi wọ́n ṣe asà, wọ́n sì ti jìyà tiwọn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1997, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sínú rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan máa wà tí yóò parí aáwọ̀ ilẹ̀, pé adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni yóò ṣe alága, pé àṣà àti ìṣe àwọn ará òkè ni yóò fi dá ẹjọ́, pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún un. Ọdún kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Ní 2001 ni òfin tó gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nígbà tí ó sì jáde, ẹsẹ kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé bí ẹnu àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kò bá kò, ohun tí alága bá sọ ni abẹ gé. Àwọn olórí ìran onílẹ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀ wá di ẹni tó kàn wá jókòó. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ja ìjà ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn; 2016 ni wọ́n tó tún un ṣe. Nígbà tí àdéhùn náà pé ogún ọdún ní 2017, ìgbìmọ̀ náà kò tíì parí ẹjọ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀sùn ló wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Àdéhùn kò gbàgbé ilẹ̀. Ó gbé e lé ọjọ́ iwájú, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àpò ẹnì kan. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé yẹn ti di òbí ọmọ báyìí, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa ń sọ. Ẹ máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pé kí ìbọn kọ́kọ́ dákẹ́, kí wọ́n dìbò, kí ìjọba tuntun fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ìbọn bá dákẹ́ gan-an lọ̀nà máa ń là fún agégẹdú, fún awakùsà, fún olóko ńlá tí ogun kò jẹ́ kó rọ́nà wọlé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa padà dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilẹ̀ ti ní onílẹ̀ mìíràn, tó ní ìwé, tó ní lọ́yà, tó sì ti gbin igi tó ti ga ju ilé lọ.

Inú ilé yín ni èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀, ẹ dákun ẹ má ṣe bínú sí mi. Ní 1961, àwọn ọmọ Papua, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù New Guinea, ti ní ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n sì ti gbé àsíá Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún náà. Kò tó oṣù mẹ́sàn-án sí i tí Nẹ́dálándì, tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, àti Indonésíà fọwọ́ sí ìwé kan ní New York, ní olú ilé iṣẹ́ yín, lórí ilẹ̀ àwọn Papua. Ọmọ Papua kankan kò sí lára àwọn tó buwọ́ lù ú. Ìwé náà ṣèlérí pé wọ́n á bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè kí 1969 tó parí. Ṣùgbọ́n ní 1967, ọdún méjì ṣáájú ìbéèrè yẹn, ìjọba Indonésíà ti fún ilé iṣẹ́ Freeport ti Amẹ́ríkà láṣẹ láti wa kùsà níbẹ̀. Nígbà tí 1969 dé, èèyàn bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ni wọ́n ṣà jọ, pé kí wọ́n wá fọhùn fún nǹkan bí 800,000 èèyàn. Àpéjọ yín gba ìròyìn náà, wọ́n sì fi í sílé. Ẹ wo bí ó ṣe tò tẹ̀ léra: wọ́n kọ́kọ́ ta inú ilẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé orí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onílàjà ló ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn tó gbé ìbọn ni àwọn ní láti bá sọ̀rọ̀, torí àwọn ni wọ́n lè dá ogun dúró. Ẹni tí kò gbé ìbọn, kí ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀? Ẹ bá mi lọ sí Toribío, ní àgbègbè Cauca ní Kòlóḿbíà. Àwọn Nasa ló ni ibẹ̀. Ológun ìjọba wà lórí òkè, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ FARC wà nínú igbó, ọta ìbọn sì ń gba orí òrùlé àwọn Nasa kọjá lọ́sàn-án lóru. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ tiwọn, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, tí kì í gbé ohun ìjà. Ọ̀pá ni wọ́n ń mú dání, ọ̀pá onígi tí wọ́n so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ lórí. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn gun òkè Berlín lọ bá àwọn ọmọ ogun ìjọba tó pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kò lọ, wọ́n kì wọ́n mọ́lẹ̀ lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n mú àwọn ọmọ FARC kan náà, wọ́n fi òfin ìbílẹ̀ wọn dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì nà wọ́n ní pàṣán níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn tó lè lé ẹgbẹ́ ogun méjèèjì kúrò nílé wọn láìyin ìbọn kan, ṣé àwọn yẹn ni kò lágbára láti dá ogun dúró?

Ọdún yẹn gan-an ni ìpàdé àlàáfíà Kòlóḿbíà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Havana. Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí aṣojú àwọn ìran onílẹ̀ àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Kòlóḿbíà wọlé? Ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2016, nígbà tí ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ni wọ́n kọ́kọ́ parí nínú ìpàdé náà, láti 2013, láìsí wọn ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá wọlé, wọ́n jà fitafita, wọ́n sì rí ẹ̀ka tiwọn fi sínú ìwé ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n kéde pé ìjíròrò ti parí. Ojú ìwé bíi mẹ́rin ni, nínú ìwé tó lé ní 300. Mo kí àwọn tó ja ìjà yẹn. Ohun tó wà nínú ojú ìwé mẹ́rin náà lágbára, torí ó sọ pé kò sí apá kankan nínú àdéhùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tẹ ẹ̀tọ́ ìran onílẹ̀ mọ́lẹ̀, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Kroc Institute, tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mú àdéhùn náà ṣẹ, ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀ka yìí ń falẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Báwo ni kò ṣe ní falẹ̀? Wọ́n ti to ilé tán kí wọ́n tó rántí pé ẹnì kan yóò sùn ńbẹ̀.

Ẹ̀rù míì tó máa ń bà yín ni ti òmìnira. Bí ẹnì kan bá ti sọ pé ìran onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bí ayé àwọn yóò ṣe rí, aṣojú ìjọba á ti fò dìde pé wọ́n fẹ́ ya orílẹ̀-èdè òun. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé yín jù mí lọ. Ìkéde ẹ̀tọ́ ìran onílẹ̀ tí Àpéjọ yín gbà wọlé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, orílẹ̀-èdè 144 ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin péré ló kọ̀ ọ́, mọ́kànlá kò dá sí i. Àwọn mẹ́rin tó kọ̀ ọ́ náà sì ti padà gbà á. Ẹsẹ kẹta fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ọ̀nà ara wọn. Ẹsẹ kejìdínlógún ní àwọn tí wọ́n bá fúnra wọn yàn, lọ́nà tiwọn, ni kó ṣojú wọn níbi ìpinnu. Ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ni láti ìṣẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ ọgbọ̀n ní kí ológun má ṣe iṣẹ́ ogun lórí ilẹ̀ wọn, àfi bí nǹkan ará ìlú bá kàn án tàbí bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ kẹrìndínláàádọ́ta sì sọ ọ́ gbangba pé kò sí ohun tó wà ńbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ya orílẹ̀-èdè. Kí ló wá kù tó ń ba ìjọba lẹ́rù? Ilẹ̀ náà ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan tó nira jù, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ìjọba nìkan ló ń ṣe èyí. Àwọn Teduray àti àwọn Maguindanao ní Mindanao, ní Fílípìnì, máa ń sọ ìtàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Mamalu àti Tabunaway. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé, Tabunaway gbà á, ó dúró sí ìsàlẹ̀. Mamalu ní àṣà baba àwọn ti tó òun, ó gba orí òkè lọ. Wọ́n dá májẹ̀mú kí wọ́n tó pínyà pé ẹnì kan kò ní ṣe ìkejì níbi. Àwọn Moro, ìyẹn àwọn ìran Mùsùlùmí ibẹ̀ tí ọmọ Tabunaway wà lára wọn, jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ ìjọba tó jìnnà sí wọn, wọ́n jagun fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 2014, wọ́n sì ní ìjọba agbègbè Bangsamoro tiwọn ní 2019. Inú mi dùn fún wọn, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn ọmọ Mamalu, ìyẹn Teduray, bọ́ sínú àgbègbè náà. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni Teduray ti ń béèrè ìwé ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé wọn lábẹ́ òfin tí Fílípìnì ṣe fún ìran onílẹ̀ ní 1997. Wọn ò rí i gbà. Nínú ọgọ́rin ìjókòó tí òfin ṣètò fún ilé ìgbìmọ̀ Bangsamoro, méjì ni ti ìran onílẹ̀ tí kì í ṣe Moro. Ẹ̀tọ́ tí àwọn Moro gbà lọ́wọ́ Manila kò gbọ́dọ̀ di ògiri tí yóò dí Teduray mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì wọ́n nígbà ìjíròrò ló yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n: ta ló tún ń gbé lórí ilẹ̀ yìí?

Bí ẹ bá sì rò pé fífi ẹnì kan sílẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ yá, Mindanao yìí náà ló fèsì. Ní 2008, ìjọba àti MILF, ẹgbẹ́ ogun àwọn Moro, ti parí àdéhùn lórí ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n kò fọ̀rọ̀ lọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Kẹwàá. Kí wọ́n tó fagi lé e, ogun ti tún bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti sá kúrò nílé. Guatemala náà nìyẹn: àdéhùn tó dára lórí ẹ̀tọ́ àwọn Maya, Garífuna àti Xinca wáyé ní 1995, nígbà tí ogun tó pa èèyàn tó lé ní 200,000, tí púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Maya, ń lọ sópin. Wọ́n wá so ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ mọ́ ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti 1999. Èèyàn tó jáde kò tó ìdá kan nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lè gba ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ ìran kan. Ní San Andrés, ní Chiapas, ìjọba Mẹ́síkò àti àwọn Zapatista, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ àwọn ìran onílẹ̀ ibẹ̀, fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kejì ọdún 1996, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n dìde ogun ní ọjọ́ kìíní 1994. Nígbà tí ó di 2001 tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé òfin, wọ́n yí ohun kan padà: dípò kí òfin ka àwùjọ ìran onílẹ̀ sí ẹni tó lè dúró níwájú òfin kó sì béèrè ohun tirẹ̀, wọ́n kà wọ́n sí ohun tí ìjọba ń bójú tó. Ó ṣòro fún ẹni tí wọ́n ń bójú tó láti dìde béèrè ohun tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ. Ẹ ka ọdún náà fúnra yín.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀ ju ohun tí ẹ lè ṣe lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ń to ohun tí wọ́n máa jíròrò ni kí ìran onílẹ̀ ti wà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Ẹni tí wọ́n bá fúnra wọn yàn ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má ṣe ṣa ẹni tó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa fún wọn. Bí ìjíròrò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìjọba àti ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ gbà pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé ìwakùsà, gẹdú tàbí oko ńlá kankan lórí ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ká ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé New York ti 1962 ni, kì bá tí rọrùn fún Freeport ní 1967. Bí ẹ bá sì máa gbé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ kalẹ̀, kí ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó tí yóò fi ṣiṣẹ́, àti bí yóò ṣe máa dìbò wà nínú àdéhùn gan-an, kí wọ́n má fi sílẹ̀ fún òfin tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ̀rí ẹnu àgbà abúlé sì jẹ́ ẹ̀rí níwájú rẹ̀, torí ìwé ti fìgbà kan jẹ́ ohun tí wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ó ní kí n wo Abyei, láàárín Súdánì méjèèjì, kí n wá sọ ta ni onílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti wò ó. Ngok Dinka ló ń gbé ibẹ̀, àwọn Misseriya sì ń da màlúù wọn gba ibẹ̀ kọjá lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wá omi àti koríko. Àdéhùn 2005 ṣèlérí ìdìbò ní 2011. Kò wáyé, torí wọn ò fẹnu kò lórí ẹni tó jẹ́ ará Abyei. Ó le, mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ìlàjà tó jókòó ní The Hague ní 2009 ti fi ọ̀nà kan hàn: ó fa ààlà, ó sì ní ààlà náà kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà ìjẹko tí àwọn darandaran ti ní láti ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀ lè ní onílẹ̀, kó sì ní ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì ló yẹ kó jókòó.

Kì í sì í ṣe ohun tuntun. Ní 1751, ọba Denmark, tó tún jẹ́ ọba Norway, àti ti Sweden parí ọ̀rọ̀ ààlà wọn. Ààlà náà gba àárín ilẹ̀ àwọn Sámi kọjá, àwọn tó ń da àgbọ̀nrín òtútù láti ìhà kan sí ìkejì bí ìgbà bá ti yí. Wọ́n fi àfikún kan mọ́ àdéhùn náà, ọgbọ̀n ẹsẹ gbáko, fún Sámi nìkan: pé kí wọ́n máa sọdá nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àní bí ìjọba méjèèjì bá tilẹ̀ ń bá ara wọn jagun. Àwọn tó fa ààlà yẹn kò ní ìkéde 2007, wọn ò ní ẹ̀ka ìlàjà, wọn ò ní nǹkan kan nínú ohun tí ẹ ní lónìí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n rán èèyàn lọ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ilẹ̀ náà kí wọ́n tó fa ìlà.

Nítorí náà, ìpàdé tí ẹ bá tún fẹ́ pè, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ orúkọ àwọn tó ń bọ̀ sórí ìwé, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilẹ̀ náà, lédè wọn, kí ọjọ́ tí wọn yóò fi jókòó jíròrò rẹ̀ láàárín ara wọn sì pé. Bí èsì wọn bá pẹ́, ẹ dúró dè wọ́n.

Èmi ni,
ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka gbogbo àdéhùn tí ẹ bá gbé jáde, tó sì kọ́kọ́ máa ń wo orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i.